Òdo Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kọ

Ọdún 1990 ni wọ́n dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tí wọ́n wá fi orúkọ olóògbé Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ ìlú náà, pè lẹ́yìn náà. Láyé ìgbà yẹn, orí pépà ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, nítorí NEPA kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ̀rọ kò sì kárí. Kéèyàn tó dé ìdí ẹ̀rọ, ó ti ní láti fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ. Ibẹ̀ ló ti mọ́ mi lára láti máa béèrè pé: kí ló wà nínú variable yìí ná, nígbà tí n kò tíì fi nǹkan kan sí i?

BASIC á sọ pé òdo ni. Ti C burú jù: variable téèyàn bá dá sílẹ̀ nínú function láìfi nǹkan sí i, ìdọ̀tí tó bá wà nínú mẹ́mọ́rì níbẹ̀ ló máa bá.

Java, tó jáde ní 1995, ló dá ọ̀rọ̀ náà sí méjì. Variable inú method, compiler kò ní gbà kí a lò ó bí a kò bá tíì fún un ní nǹkan. Ṣùgbọ́n field inú class tó bá jẹ́ ti nọ́ńbà, Java fúnra rẹ̀ á fi òdo sí i, láìbi ẹnikẹ́ni.

Mo rántí ètò máàkì kan tí akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ fún ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀yọ́. Ohun tó kọ sínú class fún máàkì kò ju *int maki;* lọ. Nígbà tí a tẹ èsì jáde, òdo pọ̀ níbẹ̀ bí nǹkan míì. Àwọn kan jókòó ṣe ìdánwò, wọ́n gba òdo lóòótọ́. Àwọn kan kò wá rárá, àìsàn ni. Òdo kan náà ló wà níwájú gbogbo wọn, tíṣà sì ti fẹ́ fi ṣírò ipò ọmọ ní kíláàsì!

Àwa náà ní orúkọ tó ń wá láìbi ẹnikẹ́ni: ọmọ tó bá dojú bolẹ̀ wáyé, Àjàyí ni, a kì í ṣèpàdé lé e lórí. Ṣùgbọ́n Àjàyí ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Òdo ti Java kò sọ nǹkan kan, ó kàn jọ ìdáhùn ni, ìyẹn ló ń dùn mí títí dòní. Mo mọ̀ pé àwọn tó ṣe Go ní 2009 mọ̀ọ́mọ̀ yan irú òdo bẹ́ẹ̀ ni, ó sì sàn ju ìdọ̀tí C lọ fíìfíì. Síbẹ̀, ti Swift ló tẹ́ mi lọ́rùn, tí kì í gbà kí field ṣófo kí nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àfi èyí tí èèyàn bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó lè ṣófo.

A fi *final* síwájú máàkì náà, a sì fi field mìíràn kún un, tí òun náà jẹ́ *final*, tó ń sọ bóyá ọmọ náà ṣe ìdánwò. Compiler yarí, àfi ìgbà tí constructor gba méjèèjì. Tíṣà wá ní láti dáhùn fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìgbà náà la rí ọmọ kan tí òbí rẹ̀ ti kó lọ sí Ìlọrin tipẹ́, tí ètò wa ṣì ń fún ní òdo ní gbogbo táàmù.