Odò Inú Bébà

Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, a kì í gé igi, a kì í pẹja, a kì í sì í dọdẹ. Nígbà tí mo mú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì lọ síbẹ̀, òfin kan péré ni mo fún wọn: ẹ fi ojú já ewé, ẹ má fi ọwọ́ já a. Bí a bá délé, a ó fi bébà ṣe ohun tí a rí.

A rí ọ̀bọ, a rí àwọn ère gàgàrà tí Susanne Wenger, Àdùnní Olóòṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ. Èyí àbúrò kò fẹ́ kúrò nídìí ìtàkùn kan tó lọ́ mọ́ igi.

Lálẹ́, a gbé àlùmọ́gàjí àti gọ́ọ̀mù jáde. A ṣẹ́ bébà po, a gé ààbọ̀ ewé sójú ibi tó ti ṣẹ́. Bí a ti ṣí i, odindi ewé ló jáde. Fún ìtàkùn, a gé bébà róbótó yípo wọnú bí ìkarahun ìgbín, a fa àárín rẹ̀ sókè, ó sì lọ́ fúnra rẹ̀. (Irun mi jẹ nínú gọ́ọ̀mù náà.)

Ó wá ku odò. Mo na bébà aláwọ̀ aró sí èyí ẹ̀gbọ́n.

"Àǹtí, odò tí a rí kò rí báyìí." Ó fa bébà àpò sìmẹ́ǹtì yọ.

Mo fẹ́ jiyàn, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ: àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ti sọ omi Ọ̀ṣun di ẹrẹ̀. Odò ìgbà èwe mi ni mo fẹ́ lẹ̀ mọ́ páálí.

Àbúrò béèrè bóyá kí òun fi ẹja sí i. Ẹ̀gbọ́n ní kó fi bébà aró gé e, kí a lè rí i nínú omi.