Ìdájọ́ Ìṣẹ́jú Àáyá Kan

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ìdájọ́ tí ènìyàn jókòó gbọ́, tó ráyè bi ọ̀tún, tó sì bi òsì, ni òwe yìí ń bá wí. Rẹfirí kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Kò gbọ́ ẹnu ẹnì kankan. Ohun tí ojú rẹ̀ tó láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń dá lẹ́jọ́, níwájú èrò tó ti dá tiwọn tẹ́lẹ̀.

Ní Arepo tí mò ń gbé, àwọn ọ̀dọ́ a máa gbá bọ́ọ̀lù láàárọ̀ Sátidé lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́lé sí. Kò sí àwọ̀n, kò sí ẹ̀rọ ayàwòrán. Ẹni tí fèrè wà lẹ́nu rẹ̀ ni òfin. Mo ti rí i tí àríyànjiyàn lórí ọwọ́ tó kan bọ́ọ̀lù di ìjà tí àgbà ní láti là. Lérò tèmi, ohun tó ń fa irú rẹ̀ ni pé a kì í rántí pé oríṣi ìdájọ́ méjì ló wà.

Èkíní dá lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2000, ní Sùúrùlérè, Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ta ọ̀mì 2-2 ní àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà, ó sì di pẹ́náritì. Bọ́ọ̀lù Victor Ikpeba ba ọ̀pá òkè, ó bọ́ sílẹ̀ kọjá ìlà, ó sì ta jáde. Mourad Daami, rẹfirí ọmọ Tùnísíà, ní kò wọlé. Kamẹrúùnù gba ife náà pẹ̀lú 4-3. Ó dùn wá wọra, ṣùgbọ́n irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní awẹ́ méjì: bọ́ọ̀lù kọjá ìlà tàbí kò kọjá. Láti ọdún 2014 ni ẹ̀rọ ti ń sọ ọ́ fún rẹfirí ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé.

Èkejì ló le: ìdájọ́ lórí èrò ọkàn, tàbí lórí ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní irú rẹ̀ nínú bésíbọ́ọ̀lù. Bí alátakò bá wà lórí ibùsọ̀ kìíní àti ìkejì, tí ẹni méjì kò sì tíì jáde, aṣọ́pápá alárékérekè lè mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù tó fò sókè já bọ́, kó fi lé ẹni méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Láti dènà ẹ̀tàn yìí, òfin ní kí adájọ́ kéde pé ẹni tó gbá a ti jáde, kí bọ́ọ̀lù tó balẹ̀, bó bá rí i pé aṣọ́pápá lè hán an láìṣe wàhálà púpọ̀. Ta ló ni òṣùwọ̀n wàhálà? Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2012, ní Atlanta, Sam Holbrook kéde bẹ́ẹ̀ lórí bọ́ọ̀lù tó balẹ̀ jìnnà sẹ́yìn pápá. Èrò ju ìgò, eré dúró fún bí ìṣẹ́jú 19. Atlanta fẹjọ́ sùn, wọ́n dá a nù, nítorí pé ohun tí òfin fi sílẹ̀ fún ojú adájọ́ ni.

N kò gbèjà gbogbo ẹni tó di fèrè mú o. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, Joseph Lamptey, ọmọ Gánà, fún Gúúsù Áfíríkà ní pẹ́náritì nítorí bọ́ọ̀lù tó ba orúnkún ọmọ Senegal kan, tó ní ọwọ́ ló bà. FIFA lé e kúrò nídìí iṣẹ́ náà títí ayé, wọ́n sì ní kí wọ́n tún eré náà gbá. Senegal borí pẹ̀lú 2-0. Ẹ̀sùn tí wọ́n dì í mú fún kì í ṣe àṣìṣe lásán bí kò ṣe yíyí àbájáde eré.

Ìyàtọ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù. Bí a bá ń pe gbogbo àṣìṣe ní rìbá, orúkọ wo ni a óò wá pe rìbá gan-an? Ẹni tó jẹ olóòótọ́ yóò sá fún fèrè, ẹni tí kò bìkítà ni yóò sì gbà á.