Àpò Inú Òǹkà

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í yéé béèrè ìdí tí a fi ń pe mílíọ̀nù ní "àádọ́ta ọ̀kẹ́", nígbà tí ọ̀kẹ́ jẹ́ àpò. Àpò náà gan-an ni, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi.

Owó ẹyọ ló bí i. Ogójì ẹyọ ni wọ́n sábà ń sín sórí okùn kan; àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ìyẹn 2,000; ẹgbàá mẹ́wàá, 20,000, sì di ọ̀kẹ́ kan. Ẹyọ tí a kò sín ńkọ́? Adolphus Mann ṣàlàyé rẹ̀ ní 1887: wọn a da àpò sílẹ̀, wọn a máa ṣà á ní márùn-ún márùn-ún títí yóò fi pé ogún, ogún márùn-ún a di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì a di igba.

Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi sí àwọn tó ní Yorùbá kò lè ka iye ńlá. (Mílíọ̀nù yá lẹ́nu jù ú lọ, mo gbà.) Bí 20,000 bá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, 400,000 jẹ́ ogún ọ̀kẹ́, 3,000,000 sì jẹ́ àádọ́jọ ọ̀kẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi pe 5,000,000.