Aró Ìyá Àgbà àti Bọ́tìnnì Márùn-ún

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Mo ti gbọ́ òwe yìí láìmọye ìgbà kí n tó wọ yunifásítì, n kò sì kà á sí ohun kan ju òwe lọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a sin ìyá tó bí màmá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo fi ojú ara mi rí ọ̀rọ̀ tí ó balẹ̀ tí ó sì fọ́, níṣojú gbogbo ẹbí. Bí ó ṣe fọ́, àti ohun tí mo fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ṣe lẹ́yìn náà, ni mo fẹ́ rò fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù bá mi kálọ.

Aláró ni ìyá àgbà. Nígbà èwe rẹ̀, ewé èlú ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gún, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n ń sá sóòrùn, kí wọ́n tó fi omi eérú rẹ ẹ́ sínú ìkòkò títí yóò fi di aró tí ó ṣe é rẹ aṣọ. Ọjà Òkè-Ajé ni ó ti tajà dàgbà, owó aró ni ó sì fi rán màmá mi ní ilé ìwé. Nígbà tí ẹbí wá ní kí èmi tí mò ń kọ́ èdè Yorùbá kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú, gbólóhùn tí mo fi ṣáájú ni pé ó ta aró ní ọjà Òkè-Ajé fún ogójì ọdún. Mo kọ ọ́ sórí tákàdá, mo gbé e lọ fún àwọn tí ń tẹ̀wé, mo sanwó, mo bá tèmi lọ.

Ní ọjọ́ ìsìnkú, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi kan gbé ìwé náà sókè, ó sì kà á sétí ìjọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́: "Ó ta arọ ní ọjà Òkè-Ajé fún ogójì ọdún." Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá arúgbó kan tí ó jókòó lẹ́yìn mi bi ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Arọ ta ni ó tà?" Màmá mi kò sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó fi ìborùn nu ojú, ó sì jáde. Àmì kékeré tí ó yẹ kí ó wà lórí lẹ́tà, tí wọ́n gbé sí abẹ́ rẹ̀, ni ó sọ aláró di ẹni tí ń ta ènìyàn.

Inú bí mi. Mo ní n óò lọ bá obìnrin tí ó tẹ ìwé náà jà. Màmá mi ní, "Fi í sílẹ̀. Bí o bá bá a jà, ṣé ìyá mi yóò dìde?" Mo fi í sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo ń bi ara mi léèrè pé kí ló dé tí kọ̀ǹpútà tí ń ṣe iṣẹ́ ìyanu gbogbo kò fi lè kọ "aró" láìsí wàhálà.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi tí ń gbé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù wá síbi ìsìnkú yìí. Kí ó tó padà, ó fún mi ní kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ àtijọ́, MacBook Pro tí wọ́n ṣe ní 2012. Ó ní, "Gbà á. Ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ ṣì pé." Òótọ́ ni. Ọpọlọ rẹ̀ pé, àfi bátìrì rẹ̀ nìkan tí ó ti kú pátápátá. Bí iná bá lọ, òun náà lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe ní ìgboro wa yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ní òwúrọ̀, mo wà ní kíláàsì. Ní ọ̀sán, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan lọ́nà Ìgbẹ́bà, tí ó ní jẹnẹrétọ̀. Mo ń jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà fi ń dúró, irun wọn a máa bà lé mi lórí bọ́tìnnì, èmi a máa fẹ́ ẹ dànù. Nígbà tí epo bá ń tán lọ, onígbàjámọ̀ a ké sí mi pé, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, fi pamọ́ o!" N óò sì yára fi iṣẹ́ pamọ́ kí òkùnkùn tó dé. Ní alẹ́, bí iná ìjọba bá dé láago méjì òru, mo ti dìde nìyẹn, gààrì Ìjẹ̀bú àti ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹni tí ó bá rí mi yóò rò pé ìdánwò ni mò ń kàwé fún. Kíbọ́ọ̀dù ni mò ń ṣe.

Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan wà fún Mac tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ukelele, àjọ SIL ni ó gbé e jáde. Bí ènìyàn bá ṣí i, yóò rí àwòrán kíbọ́ọ̀dù, yóò sì lè sọ ohun tí ó fẹ́ kí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan máa kọ. Bí ó bá parí, yóò gbé fáìlì náà sínú àpò tí Mac ń pè ní Keyboard Layouts, yóò sì yàn án bí ẹni yan Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé. Ibi tí mo ti ń ronú lórí bọ́tìnnì wọ̀nyí ni mo ti rí ohun kan tí ó mú mi fò sókè níwájú onígbàjámọ̀. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 26, tiwa jẹ́ 25. Nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, márùn-ún ni a kì í lò: c, q, v, x àti z. Ohun tí kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní fún wa, márùn-ún náà ni: ẹ, ọ, ṣ, àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀. Gb kò ṣòro, g àti b wà níbẹ̀. Ohùn àárín kò béèrè àmì. Márùn-ún kò níṣẹ́, márùn-ún ń wá ibùjókòó! Mo fi q ṣe ẹ, mo fi x ṣe ọ, mo fi v ṣe ṣ. C di àmì òkè, z di àmì ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ ni "aró". Ó jáde bí mo ti fẹ́ ẹ.

Ayọ̀ mi kò pẹ́. Mo fẹ́ kọ orúkọ ẹ̀rọ náà gan-an, Mac, ohun tí ó jáde ni "Má". Ó dà bí ẹni pé ó ń kìlọ̀ fún mi. Mo fẹ́ kọ orúkọ Ọbabìnrin Victoria fún iṣẹ́ kíláàsì, ó di "Ṣítoria". Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo padà sídìí Ukelele, mo ṣe é kí ẹni tí ó bá di bọ́tìnnì Option mú lè rí lẹ́tà márùn-ún àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà padà. Báyìí ni iṣẹ́ náà rí: a tún èyí ṣe, òmíràn bàjẹ́. Mo rántí pé aláró kì í rẹ aṣọ lẹ́ẹ̀kan. Yóò rì í, yóò yọ ọ́ sáfẹ́fẹ́, yóò tún rì í, títí yóò fi dú bí ó ti fẹ́.

Ìṣòro tí ó tóbi jù wà níbi tí ojú kò tó. Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ìlànà tí ayé fi ń ka nọ́ńbà náà ni Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991. Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé nítorí tiwa nìkan ni, àfi ìgbà tí mo rí i pé àwọn ará Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ, àti pé lọ́dọ̀ tiwọn àmì ohùn ni kíńkínní abẹ́ lẹ́tà náà jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà ni a ó kọ́kọ́ kọ, kí àmì tó gùn ún. À àti é ní tiwọn, nítorí pé Faransé àti àwọn èdè mìíràn ń lò wọ́n. Nítorí náà, à lè jẹ́ nọ́ńbà kan, ó sì lè jẹ́ méjì, ojú ènìyàn kò sì ní mọ ìyàtọ̀.

Èyí ni ó kó mi sí wàhálà. Mo ń gba àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ aró sílẹ̀ lẹ́nu màmá mi, mo ń kó wọn jọ sínú fáìlì kan. Bí mo bá wá "ìkòkò", ẹ̀rọ a fi díẹ̀ hàn, a fi ìyókù pamọ́. Òru mẹ́ta gbáko ni mo fi wá ìdí rẹ̀. Àwọn tí mo fi kíbọ́ọ̀dù tèmi tẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà méjì-méjì lábẹ́ àmì, àwọn tí mo dà kọ láti inú ìwé mìíràn jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹ̀rọ ń pè wọ́n ní méjì. Mo kọ ìlà díẹ̀ ní èdè Python, tí yóò máa so àwọn tí ó ṣe é so pọ̀ di ẹyọ kan. Nígbà tí gbogbo ìkòkò mi jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, n kò mọ ìgbà tí mo pariwo, ilé sì ti sùn.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé èmi ni mo kọ́kọ́ la ọ̀nà yìí. Nígbà tí iṣẹ́ mi ti jìnnà ni mo gbọ́ pé Kọ́lá Túbọ̀sún, ẹni tí ó dá àkójọ orúkọ YorubaName sílẹ̀, ti gbé kíbọ́ọ̀dù Yorùbá jáde lọ́fẹ̀ẹ́ fún Mac àti Windows, àti pé onímọ̀ ẹ̀rọ Túndé Adégbọlá ti ń ṣiṣẹ́ lórí èdè wa àti kọ̀ǹpútà láti ọjọ́ pípẹ́ ní Ìbàdàn. Ojú tì mí díẹ̀. Àmọ́ n kò kábàámọ̀, nítorí ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ po aró ni ó mọ ohun tí ó wà nínú ìkòkò. Kì í sì í ṣe òní ni Yorùbá ti ń bá ẹ̀rọ ja ìjàkadì yìí. Láti 1859 ni Henry Townsend ti ń tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Ní 1875, àwọn ìjọ CMS pàdé ní Èkó lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa kọ èdè yìí, ní 1974 ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò. Síbẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́ wa yóò rántí ayé taipuráítà, tí ènìyàn yóò tẹ iṣẹ́ tán, tí yóò tún mú bírò, tí yóò máa fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ìyá àgbà pé ọdún kan tí ó ti lọ, mo ní n óò tún ìtàn rẹ̀ tẹ̀. Mo gbé fáìlì lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan, lórí kọ̀ǹpútà tiwọn gbogbo àmì mi sì fò kúrò lórí lẹ́tà, wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí wọ́n lé nílé. Mo wá rí i pé fọ́ǹtì tí wọ́n ń lò ni kò mọ bí a ti ń gbé àmì ka lẹ́tà. Mo padà sílé, mo fi Charis SIL kọ ọ́, mo sọ ọ́ di PDF kí fọ́ǹtì lè bá a rìn. Ìyẹn ni ó yanjú rẹ̀.

Ibi tí mo ti ń múra èyí ni màmá mi ti mú tákàdá kan jáde láti inú àpótí rẹ̀. Òun ni mo fi ọwọ́ kọ nígbà ìsìnkú. Ó ti gbà á padà lọ́wọ́ àwọn tí ń tẹ̀wé láti ọjọ́ yẹn, kò sì sọ fún mi. Ó ní, "Kà á." Mo kà á. Kò sí àmì ohùn kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Mo kọ "aro" lásán, ẹ̀jẹ̀ bírò kan sì kán sábẹ́ o rẹ̀ bí ẹni pé mo dìídì fi í síbẹ̀. Èmi akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá! Obìnrin yẹn kò ṣe ju pé ó tẹ ohun tí ó rí.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ kí i. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú." Kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ti ń bá òun ṣọ̀tá láti ọdún kan. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó mi orí, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, ìhòòhò ni ẹ máa ń gbé ọ̀rọ̀ wá, ẹ ó wá ní kí àwa wọ aṣọ fún un." N kò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ohun tí kọ̀ǹpútà kọ́ mi nìyí: bọ́tìnnì lè fi àmì sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí àmì ń lọ. Nígbà tí ọ̀nà ti là tán tí mo lè fi àmì sí ohunkóhun, ìgbà náà ni mo tó mọ iye ọ̀rọ̀ tí n kò mọ ohùn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo dìde nídìí kíbọ́ọ̀dù tí mo lọ bá màmá mi ní ilé ìdáná pé kí ó jọ̀wọ́ tún un pè fún mi! Nítorí náà, bí ẹ bá ń kọ iṣẹ́ fún ìwé ẹgbẹ́ wa, ì báà jẹ́ bírò ni ẹ fi kọ ọ́, ẹ fi àmì sí i kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ ni kí ó wọ aṣọ fún un. Kíbọ́ọ̀dù mi náà wà níbí lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí ó bá ní Mac.

Ní ọjọ́ ìrántí, màmá mi gba ìwé tuntun náà, ó wọ dígí rẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà àkọ́kọ́ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó dé ibi "aró", ó dúró. Ó ní, "Ẹ̀hẹ́n. Aró ni ìyá mi tà." Ó sì ń kà á lọ.