Ta Ni Filter Ilé Tiyín?

Ọ̀pọ̀ yín ló ti bi mí pé kí ni mò ń kà gan-an ní Kánádà tí PhD ọ̀hún ò fi tán. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé rẹ̀ lónìí, torí ó kan ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn mí.

Tẹ́ ẹ bá ki flash sínú kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows, tẹ́ ẹ ní kó tọ́jú fáìlì síbẹ̀, driver kan ṣoṣo kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ náà. Ńṣe ni wọ́n tò léra wọn bí àwo. Ti òkè mọ ọ̀rọ̀ fáìlì, ti àárín mọ ọ̀rọ̀ dísìkì, ti ìsàlẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ USB. Kálukú ló ní àpò tiẹ̀, device extension, ẹnì kan kì í sì í tọwọ́ bọ àpò ẹnì kejì.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń gbọ́ ara wọn? Ìwé kan ni wọ́n ń gbé fúnra wọn, IRP lorúkọ rẹ̀. Ó ní ojú ewé kan fún driver kọ̀ọ̀kan. Ẹni òkè á kọ ohun tó fẹ́ sí ojú ewé ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀, á wá pe IoCallDriver. Tó bá fẹ́ mọ ibi tọ́rọ̀ já sí, á fi completion routine sílẹ̀, bí ẹni tó sọ fún ìránṣẹ́ pé, "Tó o bá ń bọ̀, yà lọ́dọ̀ mi." Nígbà tíṣẹ́ bá parí nísàlẹ̀, wọ́n á kọ èsì síbi tí gbogbo wọn lè kà: ó yọrí àbí kò yọrí, àti iye báìtì tó kọjá. Èsì náà á wá gun òkè padà.

Àwọn kan wà láàárín tí wọ́n ń jẹ́ filter driver. Antivirus ń lò wọ́n. Gbogbo ohun tó ń kọjá ni wọ́n ń rí, wọ́n sì lè yí i padà. Tí ìsàlẹ̀ bá ní "kò ṣeé ṣe", tí filter wá sọ ọ́ di STATUS_SUCCESS, òkè á gbà pé fáìlì ti wà níbẹ̀. Ẹni tó lè tún un gbìyànjú ò ní mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún tó kọjá nìyẹn. Ọjọ́ 11 ni màmá mi lò nílé ìwòsàn. Mò ń pe ilé lójoojúmọ́. "Màmá ti sùn." "Wọ́n lọ sóde." "Ara wọn le kóko." Ẹ̀gbọ́n mi ló dúró láàárín, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ọkàn mi dàrú síwájú ìdánwò. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Àmọ́ wọ́n ń yáwó kiri nígbà tówó wà lọ́wọ́ mi. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọn ò sọ fún màmá pé mò ń pè. Lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, wọ́n rò pé mi ò béèrè wọn.

Ara màmá ti yá báyìí, a dúpẹ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sì ti jọ sọ ọ́. Mi ò ní kẹ́ ẹ da ìròyìn burúkú lé wa lórí lóru o. Filter ní iṣẹ́ tiẹ̀: ó lè yan àkókò, ó lè rọra sọ ọ́. Èsì nìkan ni kó má yí padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ta ni filter ilé tiyín?