Ta ni yóò máa ṣọ́ ẹ̀rọ náà tí mo bá lọ?

Àwọn kan ń bi mí nínú inbox pé sọ́fítíwíà wo ni mo yàn tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Thamesmead fi ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn níbí, ká lè jọ gbọ́ ọ.

Windows ni ọ́fíìsì ń lò. Àwọn tó ń gbé ìsìn sórí íntánẹ́ẹ̀tì ń lo Mac. Server kékeré kan wà tó jẹ́ Linux. Ó tún ku ráútà, switch méjì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Bí switch kan bá dákú lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ìyá àgbà tí ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n jáde mọ́ ò ní rí ìsìn wò nìyẹn.

Gbogbo èèyàn ló ń kọ́kọ́ béèrè pé Windows ni àbí Linux. Àmọ́ ráútà àti switch ò mọ ìyẹn. SNMP ni èdè tí wọ́n ń sọ, ó sì ti wà láti 1988. Sọ́fítíwíà tó bá gbọ́ èdè yẹn á máa bi wọ́n léèrè: ṣé ẹ ṣì wà? Ṣé ọ̀nà yín ò dí? (Ẹ má lo password "public" tó ń bá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wá o. Bí ẹ̀rọ yín bá lè lo SNMPv3, òun ni kí ẹ lò, torí ó lè fi ọ̀rọ̀ pa mọ́.)

Ibi tí Windows àbí Linux ti wá ṣe pàtàkì ni kọ̀ǹpútà tí sọ́fítíwíà náà fúnra rẹ̀ máa gbé. Ọ̀fẹ́ ni Zabbix, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Latvia. Ó lè ṣọ́ Windows, Mac àti Linux, àmọ́ server rẹ̀ kì í gbé orí Windows. PRTG tí Paessler ń ṣe ní Jámánì, orí Windows ló ń gbé. Bí ohun tí ẹ ń ṣọ́ bá pọ̀, ẹ máa sanwó.

Zabbix lèmi fẹ́ràn. PRTG ni mo yàn. Ìdí ni pé bí mo bá parí PhD, ibi tí iṣẹ́ bá wà ni mò ń lọ. Bùrọ̀dá tó máa gbà á lọ́wọ́ mi ń ṣiṣẹ́ ní Woolwich lójú ọ̀sẹ̀, Windows nìkan ló sì mọ̀. Ohun tí a bá fi sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò, ẹrù la gbé lé e lórí.

Ẹ̀yin ará Thamesmead mọ̀ ọ́n. Elizabeth line tó ṣí ní 2022 yára lóòótọ́, àmọ́ Woolwich tàbí Abbey Wood ló máa já yín sí. Bọ́ọ̀sì ló ń gbé yín délé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yín, ta ló máa gbà á lọ́wọ́ yín? Ẹ bi í kí ẹ tó yan ohunkóhun.