Fájuyì, Ọ̀gágun tó Mọ Iyì Àlejò

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọlọ́run yóò mú gbogbo wa délé láyọ̀. Nínú ìwé ìrántí ọdún yìí, a fẹ́ mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ọmọ Yorùbá kan tó ṣe iṣẹ́ sójà. A kò rí i lójú rí, kí wọ́n tó bí wa ló ti kú, síbẹ̀ a ń jẹ nínú orúkọ rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Ọ̀gágun Francis Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, ni ẹni náà.

Nígbà tí iṣẹ́ ìjọba gbé wa dé ìhín, bàbá onílé tí a kọ́kọ́ bá gbé ní Nkpor bi wá pé níbo ni a ti wá. A ní Èkìtì ni. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Fajuyi!” Láti ọjọ́ náà kò pe orúkọ wa mọ́, Fajuyi ni ó ń pè wá títí tí a fi kó kúrò nílé rẹ̀. Bí àwọn ará rẹ̀ bá wá kí i, á ní ará ìlú Fajuyi rèé, wọn á sì bọ̀ wá lọ́wọ́. Inú wa ń dùn, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé iyì tí a kò ṣiṣẹ́ fún ni. Ẹlòmíràn ló ṣe é, àwa là ń jẹ èrè rẹ̀.

Ta wá ni Fájuyì? Ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1926 ni wọ́n bí i. Akọ̀wé ni kó tó wọ iṣẹ́ ológun ní ọdún 1943. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba ẹgbẹ́ wa, ẹ fọkàn sí ibí yìí. Fájuyì kò gba ẹnu ọ̀nà àwọn ọ̀gá wọlé. Ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, títí tó fi di sájẹ́ǹtì ní ẹ̀ka Signals, àwọn tó ń bójú tó ìròyìn fífi ránṣẹ́ láàárín ọmọ ogun. Nígbà tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ fẹ́ di ọ̀tẹ̀ láàárín àwọn sójà ẹgbẹ́ rẹ̀, ó wà lára àwọn tó pẹ̀tù sí i, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ British Empire Medal ní 1951. Ọdún 1954 ni wọ́n tó rán an lọ sí Eaton Hall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ló sì ti gba ipò ọ̀gá. Ọdún mọ́kànlá ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́ kó tó débẹ̀. Bí ìgbéga tiwa bá fi ọdún méjì péré pẹ́, ariwo ayé ni. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Nígbà tí Nàìjíríà kó ọmọ ogun lọ sí Kóńgò lábẹ́ àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé, Fájuyì wà níbẹ̀. Ó ti di méjọ̀ nígbà náà, ó sì ń darí àwọn ọmọ ogun kan nínú bàtálíọ̀nù kẹrin. Ní àríwá Katanga, àwọn ọ̀tá lúgọ dè wọ́n, ó sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ yọ nínú ewu náà. Èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n fún un ní Military Cross ní 1961. Ọ̀gá tó bá ń ronú bí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò ṣe padà sílé, ọ̀gá gidi nìyẹn.

Lẹ́yìn Kóńgò ni ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe olórí bàtálíọ̀nù kìíní. Níbo ni bàtálíọ̀nù náà wà? Enugu níbí ni, tí àwa ará Nkpor ń wọ mọ́tò lọ láàárọ̀ tí a sì ń padà lálẹ́. Ọkùnrin yìí gbé ilẹ̀ Ìgbò bí a ṣe ń gbé e lónìí. Ó mọ bí ó ṣe ń rí láti jẹ́ àlejò.

Nígbà tí àwọn sójà gbàjọba ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, tí Ọ̀gágun Johnson Aguiyi-Ironsi, ọmọ Umuahia, di olórí orílẹ̀-èdè, Fájuyì ni ó fi ṣe gómìnà ológun ní Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn tó dàgbà jù wá mọ ohun tí ilẹ̀ Yorùbá dà nígbà náà. Lẹ́yìn ìbò ọdún 1965, epo bẹntiróò àti iná ni wọ́n fi ń jà. Wẹ́tíẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Iná náà rọlẹ̀ nígbà tí àwọn ológun dé, Fájuyì sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe.

Ní ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún náà, Ironsi wà ní Ìbàdàn, ó bá àwọn ọba ṣe ìpàdé, ó sì sùn sí Ilé Ìjọba lọ́dọ̀ Fájuyì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn sójà tó ń gbẹ̀san ìfipágbàjọba oṣù kìíní yí ilé náà ká. Wọ́n mú àlejò, wọ́n mú onílé. Ọjọ́ 29 ni wọ́n pa àwọn méjèèjì lẹ́yìn ìlú Ìbàdàn, ní ọ̀nà Lálúpọn. Fájuyì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ogójì ọdún ni. Oṣù mẹ́fà péré ló lò nípò gómìnà.

Oríṣi ìtàn méjì ni à ń gbọ́. Àwọn kan ní ó kọ̀ láti yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ àlejò rẹ̀, pé bí wọ́n bá máa mú un, kí wọ́n mú òun náà. Àwọn mìíràn ní àwọn sójà náà ti ní òun gan-an lọ́kàn tẹ́lẹ̀. A kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Ohun tí àwa rí ni pé nínú ìtàn méjèèjì, kò sí èyí tí Fájuyì ti fa àlejò lé àwọn tó fẹ́ pa á lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní ojú àlejò là á ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ là á san án. Fájuyì kò rí ẹ̀yìn àlejò tirẹ̀. Ojú rẹ̀ náà ló ti san án, ẹ̀mí ló sì fi san án.

Kí ló kàn wá nínú èyí ní Nkpor? Ó kàn wá púpọ̀. Àwọn ọmọ wa tí a bí síbí gbọ́ Ìgbò ju Yorùbá lọ, síbẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ wọn a máa pè wọ́n ní “ofe mmanu” nígbà tí eré bá di ìjà. Àwọn mìíràn á ní Yorùbá kì í ṣe ẹni à ń fọkàn tán. Ọmọ tó bá mọ ìtàn Fájuyì yóò ní ohun tí yóò fi fèsì láìbú ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ìhà kejì. Nígbà ìdìbò gómìnà Èkó ní ọdún 2023, tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́ àwọn Ìgbò, tí wọ́n sì lé àwọn kan kúrò níbi ìdìbò, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi fídíò hàn wá lórí fóònù. Wọ́n bi wá pé, “Kí ni àwọn ará yín ń ṣe sí àwọn ará wa yìí?” A kò rí èsì gidi fọ̀. Ẹnì kankan kò fi ọwọ́ kàn wá, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n a lóye nǹkan kan lọ́jọ́ náà: orúkọ Fájuyì dà bí owó tí bàbá ẹni fi pamọ́. Bí a bá ń ná an láìfi kún un, yóò tán.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi kún un. Bí a bá ń bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn, ẹ jẹ́ kí a sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n bá ṣe fún ọmọ Ìgbò tó yá ilé lọ́dọ̀ wọn, àwa ni wọ́n ṣe é fún. Bí a bá ń kó àwọn ọmọ relé lọ́dún, tí a bá ti sọdá afárá odò Ọya, ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn yìí fún wọn nínú mọ́tò. Ẹni tó bá ń gba Adó-Èkìtì kọjá, kó fi Fájuyì Park hàn wọ́n. Ọmọ tó bá lọ sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ yóò rí ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, bárékè ńlá ní Òjóò ní Ìbàdàn náà ń jẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ìdí rẹ̀.

Oyè ológun Fájuyì ga, ṣùgbọ́n kì í ṣe oyè ni onílé wa fi ń rántí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gun ju ibẹ̀ lọ tí a kò gbọ́ orúkọ wọn mọ́. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ.

Ọlọ́run yóò tẹ́ Fájuyì àti àlejò rẹ̀ sí afẹ́fẹ́ rere. A kò ní rí ogun mọ́ ní ilẹ̀ yìí. Ẹgbẹ́ wa kò ní túká, àwọn ọmọ wa kò ní ṣìnà lájò. Ẹ̀mí á ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé o.